Ìyá Elélùbọ́ Bi Mí Pé Ṣé Iṣẹ́ Ni

Orí àga ni mo wà ní ọ̀sán Tọ́sìdè kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń fi téèpù àwọn aránṣọ wọn nẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí àwọn ọmọ tó dé láti ilé ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, nẹ́ẹ̀tì badminton gbọ́dọ̀ ga ní mítà 1.55, láàárín, mítà 1.524, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé. Tiwa ti gbó, ó máa ń dẹ̀ láàárín. Bí mi ò bá tún un fà, á mọ́ àwọn ọmọ lára láti máa gbá ṣọ́tù, ohun oníyẹ̀ẹ́ kékeré tí a ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá, lọ́nà tí nẹ́ẹ̀tì gidi yóò dá a dúró lọ́jọ́ ìdíje.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Kóòṣì."

Ìyá Elélùbọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti ń kọ́ badminton lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́ta. Láti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Àtákúnmọ̀sà ló ti ń bọ̀ tààrà, eruku èlùbọ́ ṣì wà létí ìró rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò bá ìjà wá o," ló wí. "Lálẹ́ àná, ọmọ yìí wojú bàbá rẹ̀, ó ní òun ò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́, pé badminton lòun máa fi ṣiṣẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Èmi ò mọ èyí tí n ó gbè lẹ́yìn, ni mo ṣe wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ni?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ni, Màmá." Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí, torí irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi gbólóhùn kan dáhùn. Àwọn ọmọ ti ń wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè mí títí a ó fi parí, ó sì dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ohun tí mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àti èyí tí mo rántí nígbà tí mo délé, ni mò ń kọ síbí. Òun nìkan kọ́ ló ń bi mí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún èèyàn torí pé ó mọ badminton gbá. BWF, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Kuala Lumpur ní Màléṣíà, kì í gba eléré síṣẹ́. Máàkì ni wọ́n ń kà. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n máàkì tirẹ̀: àwọn ńlá ni Super 1000, Super 750, 500, 300 àti 100. Lábẹ́ wọn ni International Challenge, International Series àti Future Series wà, níbi tí irú wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìdíje tí o bá gbá láàárín ọ̀sẹ̀ 52, mẹ́wàá tó dára jù ni wọ́n máa kà fún ọ. Èyí tó bá ti ju ọdún kan lọ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Àròpọ̀ yẹn ló ń sọ ìdíje tó máa gba orúkọ rẹ, ẹni tí o máa kọ́kọ́ pàdé, àti bóyá o máa dé Òlíḿpíìkì. Fún ti Paris 2024, láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2023 títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n fi ka máàkì.

Ìyá Elélùbọ́ dá mi dúró níbẹ̀. "Ẹ dúró ná. Ó dà bí àjọ tí èèyàn ń dá, àmọ́ tí owó tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ń yọ́ dànù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

"A jẹ́ pé kò gbọdọ̀ sinmi nìyẹn."

Kò gbọdọ̀ sinmi. Mo ti ṣàlàyé máàkì yìí fún àwọn tó ka ìwé jù mí lọ, mi ò tíì rí ẹni tó yé kíá bẹ́ẹ̀ yẹn rí.

Ta wá ni ó ń sanwó tí o máa fi lọ gba máàkì? Ìwọ fúnra rẹ ni. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló. Á di aṣọ, á forí lé ọ̀nà Èkìtì, á tà á láwìn fáwọn èèyàn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á padà lọ lóṣòó síwájú ilé oníbàárà títí owó á fi jáde. Owó ọkọ̀ tirẹ̀ ni, oúnjẹ tirẹ̀ ni, ibi tó máa sùn tirẹ̀ ni, kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Bí badminton ṣe rí nìyẹn. Ìwọ lo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo máa san owó ìforúkọsílẹ̀, ìwọ lo máa wá físà. Ìdíje tó wà nítòsí wa kò pọ̀: Èkó, Uganda, Zambia, Mauritius, Íjíbítì, àti ìwọ̀nba díẹ̀ sí i. Ọmọ Denmark tàbí Indonesia lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìdíje, kó sì sùn sílé lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Iléṣà ní láti kọ́kọ́ dé Èkó, kó tó wá máa ronú bó ṣe máa fò.

Mo gbá Lagos International lẹ́ẹ̀kan. Gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas ni wọ́n ti ṣe é, nínú pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé Múṣín ló gbà mí sílé. Máàtì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbọ̀ngàn náà, orí sìmẹ́ńtì lásán ni èmi sì ti kọ́ eré. Ẹsẹ̀ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ohun tó rọ̀. Ọmọ Íńdíà kan ni wọ́n mú mi pàdé. Kò ga jù mí lọ. Kò tiẹ̀ gbá a kíkankíkan. Ó gbé ṣọ́tù sẹ́yìn lápá ọ̀tún, ó sọ ọ́ síwájú lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì, bí ẹni ń gbá ilẹ̀ yàrá, títí èémí mi fi tán. 21–9, 21–11. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún péré. Kò sí owó fún ẹni tó bá jáde ní ìpele àkọ́kọ́ irú ìdíje yẹn. Àwọn kan ti ṣèlérí pé àwọn á san owó ìrìnàjò mi padà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọn ò san án títí di òní olónìí, ó sì ṣì ń dùn mí. Àmọ́ mo gba máàkì díẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúkọ mi jáde lórí àtẹ BWF, mo lọ sí káfè kan ní Àdètí, mo ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé yẹn jáde fún mi. Inú Bíbélì mi ló wà títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́tù díẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ń gbà lọ, ibẹ̀ náà sì ni ẹwà eré yìí wà. Ìyẹ́ 16 ló wà lára ṣọ́tù gidi, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti gọ́ọ̀sì. Apá ẹ̀gbẹ́ kan náà, òsì tàbí ọ̀tún, ni gbogbo ìyẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti wá, kí wọ́n lè tẹ̀ sápá kan, kí ṣọ́tù lè máa yí bó ṣe ń lọ. Wọ́n á gún ìyẹ́ náà sí kọ́ọ̀kì, wọ́n á fi òwú dì í yípo. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, láti gíráàmù 4.74 sí 5.50 ni. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ohun kékeré yìí náà ni ọmọ Íńdíà kan, Satwiksairaj Rankireddy, fi smash, ìyẹn gbígbá kíkankíkan láti òkè wálẹ̀, gbá ní ọdún 2023 tó sá kìlómítà 565 ní wákàtí kan, tí Guinness kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lódì kejì, ìyẹ́ náà ti fà á sẹ́yìn, eré rẹ̀ ti rọlẹ̀ gan-an.

Ìyẹ́ kan péré tó bá kán, ṣọ́tù yẹn ò lọ tààrà mọ́. Lákòókò ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń bó, ìyẹ́ náà máa ń gbẹ, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tó ń kán kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lójú rákẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé kẹ́tù kaná lálẹ́ Fúráìdè. Bó bá ti hó, mo máa ṣí ìdérí agolo ṣọ́tù lókè àti nísàlẹ̀, mo máa gbé e sójú ooru tó ń tẹnu kẹ́tù jáde, kí n kà dé márùn-ún, kí n gbé e kúrò, kí n wá gbé e nàró sí kọ̀rọ̀ yàrá di àárọ̀. Ooru yẹn ń dá omi díẹ̀ padà sára ìyẹ́. Méjìlá ló ń wà nínú agolo kan. Ti náílọ́ọ̀nù làwọn ọmọ mi ń gbá láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé nìkan là ń lo ti ìyẹ́, fún àwọn mẹ́rin tó ti dàgbà nínú eré. Èyí tó bá kán, mi ò jẹ́ dà á nù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ṣọ́tù tó ń ṣí eré.

Ọ̀tá wa tó kù ni atẹ́gùn. Fèrèsé gbọ̀ngàn wa lápá ìlà oòrùn ti pàdánù gíláàsì rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ihò mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tí kò tó gíráàmù mẹ́fà, tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ, ibi tó wù ú ló ń lọ. Ọmọ á gbé ṣọ́tù sẹ́yìn bó ṣe yẹ, yóò jáde kúrò nínú ìlà, ọmọ á rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Mo sọ èyí fún Ìyá Elélùbọ́ bí ẹni ń ráhùn lásán, mo sì kọjá síbòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo fi orúnkún hàn án.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Kì í tiẹ̀ ṣe ọjọ́ ìdíje. Mo fò sókè lẹ́yìn kọ́ọ̀tù láti gbá smash, ẹsẹ̀ òsì mi ló kọ́kọ́ balẹ̀, ara mi sì yí nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn ò yí. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n dá igi ìdáná tó gbẹ. Níbi àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n ní kí n máa fi òróró pa á, pé iṣan ló wú. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń pa á. Ìgbà tí mo tó rí dókítà tó yẹ, ó ní okùn tó di egungun méjèèjì mú láàárín orúnkún ti já pátápátá, pé òróró ò lè so ó. Owó iṣẹ́ abẹ kò sí. Bí eré tèmi ṣe parí nìyẹn. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ṣe bí ẹni tí kò ráyè lọ sí pápá mọ́.

Torí náà, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 2024, tí mo ń wo Carolina Marín lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn, mo mọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Ọmọ Sípéènì ni. Ó ti gba wúrà badminton ní Òlíḿpíìkì Rio lọ́dún 2016. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ já ní 2019, ó padà wá. Ti òsì já ní 2021, kò lè lọ sí Tokyo, ó tún padà wá. Ní Paris yìí, ó kù díẹ̀ kó dé àṣekágbá: ó ti gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní 21–14, ó sì ń ṣíwájú He Bingjiao ọmọ Ṣáínà nínú èkejì, ni orúnkún ọ̀tún náà bá tún yẹ̀. Ó wọ ohun tí wọ́n fi ń di orúnkún, ó fẹ́ máa bá a lọ, kò ṣeé ṣe. Ó kúnlẹ̀ sórí kọ́ọ̀tù, ó ń sunkún, èmi náà sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Iléṣà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, mò ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì tí He Bingjiao gun orí pẹpẹ láti gba fàdákà, ó di báàjì Sípéènì mú lọ́wọ́, kí gbogbo ayé lè rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo fi àwòrán yẹn han Ìyá Elélùbọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyẹn."

Mi ò fi owó tó wà lókè pamọ́ fún un. Ní Malaysia Open ti ọdún 2023, tí í ṣe Super 1000, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250 dọ́là ni gbogbo owó tí wọ́n pín, ẹgbẹ̀rún 87 àti 500 dọ́là sì ni ẹni tó gbégbá orókè nínú ẹlẹ́nìkan gbà. Àwọn tó wà lókè pátápátá tún ń gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sì lè pẹ́ lẹ́nu rẹ̀: ọmọ ọdún 36 ni Lee Chong Wei ti Màléṣíà nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2019, lẹ́yìn fàdákà Òlíḿpíìkì mẹ́ta àti àrùn jẹjẹrẹ imú, ọmọ ọdún 36 náà ni Lin Dan tí wọ́n jọ máa ń figagbága nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ èèyàn mélòó ló wà lókè yẹn?

Ohun tó jọ tiwa ni mo fẹ́ kó rí. Dorcas Ajoke Adesokan gbá ẹlẹ́nìkan obìnrin fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Tokyo, Godwin Olofua àti Anuoluwapo Juwon Opeyori sì gbá ẹlẹ́nìméjì ọkùnrin níbẹ̀. Opeyori ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tí wọ́n ṣe ní Port Harcourt lọ́dún 2019 wà lára rẹ̀, ó sì gbá ẹlẹ́nìkan ọkùnrin ní Òlíḿpíìkì Paris. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Eniola Bolaji gba bàbà ní Paralympics Paris, Òlíḿpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara, nínú ẹ̀ka SL3 tàwọn tí ẹsẹ̀ ń dá láàmú, tí wọ́n ti ń fi ìdajì kọ́ọ̀tù gbá ẹlẹ́nìkan. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gba àmì ẹ̀yẹ badminton ní Paralympics ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Lọ́jọ́ yẹn, mo kó gbogbo àwọn ọmọ mi jókòó yí fóònù kan ṣoṣo ká. Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ ló di fóònù náà mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé mo ní kó gbé e lé orí àga. Ọjọ́ yẹn, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà wá ńkọ́?" ni Màmá bi mí. "Kí lẹ fi ń jẹun?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni méjì, mò ń ta okùn rákẹ́ẹ̀tì, mò ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ dì í fáwọn tó ń wá láti Ifẹ̀ àti Òṣogbo. Nínú àwọn tí mo bá ná an ní National Sports Festival, ọ̀pọ̀ ló wọṣọ ìjọba lónìí, àwọn kan kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn kan sífú dìfẹ́ǹsì. Badminton ló gbé wọn wọbẹ̀, wọ́n ṣì ń gbá a fún ilé iṣẹ́ wọn. Ẹnì kan ń ṣe rẹfirí. Kò sí ẹni tó lówó rẹpẹtẹ nínú wa. Kò sì sí ẹni tó ń tọrọ jẹ.

Mo wá sọ ohun tí mo rò nípa ọmọ náà gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ dùn níwájú nẹ́ẹ̀tì ju tèmi lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Kì í yára bínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wúwo lápá òsì, a ń ṣe é. Mo ní kó má fi ilé ìwé sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó kọ WAEC, kó gba sáyẹ́ǹsì, torí nọ́ọ̀sì tó mọ badminton gbá wà, orúnkún sì lè já nígbàkigbà. Mo ní kí wọ́n fún un títí yóò fi pé ọdún méjìdínlógún. Bó bá ti wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ká jọ jókòó sọ̀rọ̀ nípa Èkó àti Uganda. Bí kò bá wọ̀ ọ́, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un, mi ò ní jẹ́ kó fi ọdún rẹ̀ ṣòfò torí kí n lè rí ẹni máa kọ́.

Ìyá Elélùbọ́ ò dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó wo fèrèsé apá ìlà oòrùn, ó béèrè bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Mo ti gbàgbé pé téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, ó ń ka ínṣì sínú bí ó ṣe ń lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kó tó di aago méje àárọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àpò èlùbọ́ tó ti ṣófo ló rán pọ̀ mọ́ra, mẹ́rin mẹ́rin, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn náílọ́ọ̀nù rán an ní ìlọ́po méjì. Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kí mi, ó gun àga, ó ń kan án mọ́ fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ ń na ìṣó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ihò kẹrin tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó káwọ́ lẹ́yìn.

Mo yọ ṣọ́tù ìyẹ́ kan nínú agolo, mo jù ú sí ọmọ náà. Ó gbé e sókè sẹ́yìn kọ́ọ̀tù, gíga, bí mo ṣe kọ́ ọ. A jọ gbójú sókè, gbogbo wa, àti bàbá rẹ̀. Ó yí bọ̀ wálẹ̀ ṣánṣán, ó balẹ̀ sórí ìlà.